Ọjọ́ tí Hàbíbátù Pe Orúkọ Ọkọ Rẹ̀ Lórí Rédíò

Ẹni tó bá rí Hàbíbátù nídìí agbada gàrí, á ní obìnrin náà kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rù. Iná á máa jó o lójú, èéfín á máa wọ̀ ọ́ nímú, òun á kàn máa fi àkúfọ́ igbá ro gàrí lọ ṣáá, àfi bí ẹni pé gàrí náà bú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Alàmísì kan báyìí, nínú ọyẹ́ ọdún tí ogun Bìáfúrà parí, ọwọ́ yẹn gan-an gbọ̀n débi pé gàrí ń fò jáde nínú agbada, gbogbo adìyẹ Ìkọ̀tún sì péjọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo adìyẹ Ìkọ̀tún. Ṣùgbọ́n adìyẹ pọ̀ níbẹ̀.

Ibi iṣẹ́ náà kò ní ògiri. Àtíbàbà gbọọrọ kan ni, tí agbaṣẹ́ṣe kan fi páànù bò, tó ń ti ibẹ̀ ṣe gàrí fún àwọn ológun. Àwọn obìnrin kan ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn ọkùnrin ń rin ín, wọ́n ń gbé e sábẹ́ òkúta kí omi rẹ̀ lè ro, àwọn bíi Hàbíbátù sì ń yan án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, lọ́rì á wá kó o, wọ́n á ní ojú ogun ló ń lọ. Lára òpó àárín àtíbàbà ni wọ́n gbé rédíò kọ́ sí. Bó bá di ọ̀sán, tí ètò tí wọ́n ń pè ní "Ẹ Kú Ojú Ogun" bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ gbogbo wọn á rọ̀. Wọ́n á kọrin nínú rẹ̀, wọ́n á dá àpárá, wọ́n á kí sójà tó wà lójú ogun, wọ́n á kí òṣìṣẹ́ tó wà nílé, wọ́n á sì pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ títí. Obìnrin tó bá gbọ́ orúkọ èèyàn rẹ̀ á fò sókè, á jó yí agbada ká.

Hàbíbátù nìkan ni kì í fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n rò pé ọkàn rẹ̀ ń gbọgbẹ́ ni. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, "ọkọ ẹ̀ wà lójú ogun." Wọn ò mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ wà lókè àjà.

Ṣàfíù Akínlẹ́yẹ ni ọkùnrin náà ń jẹ́, sójà gidi ni, ó sì ti lọ jagun lóòótọ́. Irin ìbọn gé e níbàdí, wọ́n gbé e wá sí ọsibítù l'Ékòó, ara rẹ̀ yá, wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá. Ó gbé ẹrù rẹ̀ títí dé ẹnu lọ́rì. Ó wo inú lọ́rì náà. Ohun tó rí níbẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn ún. Ó yísẹ̀ padà, ó fi igbó ṣe ọ̀nà, ó gba ẹ̀yìn Agége, ó sì já sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lábẹ́ páànù, nínú ooru tó lè bọ ẹyin, tòun ti rédíò kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó máa ń dì í mọ́ etí bí ẹni tí etí ń ro. Kò sí ọjọ́ tó ń fi "Ẹ Kú Ojú Ogun" sílẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ ta ló kù nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ìyá rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà mọ̀, Mọ̀dínátù ọmọ wọn kékeré sì mọ̀, èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí àwọn ológun onífìlà pupa, àwọn tó ń wá sójà tó sá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká. Wọ́n ní wọ́n fa ọ̀kan jáde nínú kànga ní ọ̀nà Ìpájà. Àwọn kan ní inú àpótí aṣọ ni. Èyí ó wù kó jẹ́, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ ìró rẹ̀ di bí mo ti ń wí yìí.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Hàbíbátù. Kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà náà kì í pè é, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le. Kó tó bímọ, "Olówó orí mi" ló ń pè é. Nígbà tó bímọ, ó di "Bàbá Mọ̀dínátù". Lọ́jọ́ tó bí ọmọ náà, nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni orúkọ bàbá ọmọ. Ó ní òun ò lè pè é. Nọ́ọ̀sì ní tí kò bá pè é, ọmọ kò ní bàbá nìyẹn. Hàbíbátù so ìró mọ́yà, ó gbé ẹsẹ̀ tó wú, ó jáde sójú ọ̀nà, ó fa oníkẹ̀kẹ́ kan tó jẹ́ ará ilé ọkọ rẹ̀ wọlé, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn." Bàbá náà sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó mi orí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Alàmísì tí à ń wí yìí, ọ̀sán ti fẹ́ẹ̀ pọ́n nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan yà sí àtíbàbà gàrí. Ọ̀pá irin gíga wà lórí rẹ̀, okùn sì dì káàkiri ara rẹ̀ bí ìfun. Lándírófà àwọn ológun tẹ̀ lé e. Fìlà pupa ló kọ́kọ́ jáde nínú Lándírófà náà. Ìgbà yẹn ni gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde nínú agbada Hàbíbátù.

"Àwọn rédíò ni o!" Àtọ́kẹ́ ló pariwo. Àtọ́kẹ́ ni obìnrin tí agbada rẹ̀ kángun sí ti Hàbíbátù, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Wọ́n ní láti ibi iṣẹ́ wa ni wọ́n á ti ṣe 'Ẹ Kú Ojú Ogun' tòní! Ìyá Mọ̀dínátù, nu ojú ẹ, jàre! Eérú ló kún ibẹ̀."

"Nítorí kí ni? Ṣé wọ́n ń rí ojú nínú rédíò ni?"

Olútóyìn ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà. Ohùn rẹ̀ dùn nínú rédíò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá arúgbó tí kò rí i rí ń pè é ní ọkọ àwọn. Nígbà tó wá bọ́ sílẹ̀, ó kúrú, ó sì tín-ín-rín, ṣòkòtò rẹ̀ ń wá ìdí tí yóò dì mọ́.

"Ṣé gbogbo ohùn yẹn ni èyí gbé kiri?" Àtọ́kẹ́ béèrè sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ fi ìyókù yín sí?"

Olútóyìn rẹ́rìn-ín. "Wọ́n kó ìyókù lọ sójú ogun, ìyàwó."

Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Onífìlà pupa kò rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì Ọláoyè ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin gíga kan tó ń rọra sọ̀rọ̀ ni. Ó kàn fara ti òpó, ó ń wo àwọn obìnrin náà lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Hàbíbátù tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń ro gàrí tó ti yan tán, títí ó fi ń jóná.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ kọrin iṣẹ́, àwọn ọkùnrin fi ọ̀bẹ lu ìdí garawa gbè é. Olútóyìn ń gbé máìkì kiri, ó ní kí gbogbo sójà tó ń jẹ gàrí lójú ogun gbọ́ ohùn àwọn tó yan án. Ó wá béèrè pé, "Ta ló ní ọkọ tàbí ọmọ lójú ogun níbí?"

Ojú ilẹ̀ ni Hàbíbátù ń wò.

"Ó wà níbí! Òun rèé!" Àtọ́kẹ́ ti í lẹ́yìn. Ó ti í tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó ń ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ síwájú ìyàwó tuntun. "Ojú ń tì í ni. Ọkọ ẹ̀ ti pẹ́ lójú ogun!"

Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, máìkì ti wà níwájú ẹnu rẹ̀. Nǹkan dúdú kan tó rí bí orí ìkòkò kékeré ni. Ó mọ̀ pé lódìkejì rẹ̀, lábẹ́ páànù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, etí ọkùnrin kan wà níbẹ̀.

"Ẹ kí ọkọ yín, ìyàwó wa," ni Olútóyìn wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Mọ̀dínátù." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ara wa le. Ọmọ ń kí yín."

"Bàbá Mọ̀dínátù mélòó ló wà lójú ogun? Orúkọ wọn gan-an ńkọ́? Orúkọ tí ìjọba mọ̀ wọ́n sí, àti bùrìgéèdì, ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n wà."

Sájẹ́ǹtì Ọláoyè fi òpó sílẹ̀, ó sún mọ́ wọn díẹ̀. Hàbíbátù rí i. Bó bá pe orúkọ náà, ọkùnrin yìí lè mọ̀ pé ó wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. Ó mi orí.

"Mi ò lè pè é, ẹ̀gbọ́n."

"Háà, ẹ pè é, gbogbo ayé ló ń gbọ́ wa!"

Ni àwọn obìnrin bá gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀ o!" "Obìnrin wo ló ń pe orúkọ ọkọ ẹ̀ lójú ọjà?" Ìyá àgbàlagbà kan gbé ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ sókè: "Ọmọ wa kékeré, ṣé ìyá tìẹ máa ń pe bàbá ẹ lórúkọ ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí o ti tín-ín-rín nìyẹn!"

Ẹ̀rín bo àtíbàbà. Olútóyìn gbọ́wọ́ sókè, ó ní òun túúbá. Hàbíbátù mí. Ó ti bọ́. Ó tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan padà sídìí agbada.

"Ṣùgbọ́n a kò ní fi ìyàwó jagunjagun sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo!" Olútóyìn kígbe sínú máìkì. "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àpò ìrẹsì kan àti páálí mílíìkì alágolo ni ti ìyàwó wa yìí lónìí. Ilé wọn la ó gbé e dé, nísinsìnyí, àwa àti àwọn ọmọ ogun wa. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ohùn ọmọ jagunjagun fúnra rẹ̀. Ẹ má kúrò nídìí rédíò yín. A máa fi orin dá yín lára yá díẹ̀ títí a ó fi dé ilé Bàbá Mọ̀dínátù!"

Hàbíbátù sáré padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kó o fún mi níbí. Màá rù ú. Mo lágbára."

"Àpò ìrẹsì odindi? Rárá o."

"Ilé wa jìnnà. Ọ̀nà ò dáa."

"Kò sí ọ̀nà tí Lándírófà kì í gbà," Sájẹ́ǹtì Ọláoyè wí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé nìyẹn.

Lókè àjà, ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá kí Bàbá Mọ̀dínátù kan. Mélòó ni Mọ̀dínátù tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìdímù, ní gbogbo ayé? Ohùn ìyàwó rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ jù nígbà tó kí i, bóyá rédíò ń han lọ́wọ́. Bóyá ó rò pé obìnrin mìíràn ni. Bóyá ó ti sùn. Èèyàn tó ń gbé inú ooru bẹ́ẹ̀ a máa sùn lọ́sàn-án. Hàbíbátù ń wo Olútóyìn tó ti ń dágbére fún àtíbàbà, tó sì ti fẹ́ pa máìkì. Ó mọ ohùn kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ kò lè gbọ́ kó má fò dìde. Kò gbọ́ ọ rí, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó di máìkì mú tọwọ́tọwọ́ Olútóyìn, "ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan sí i."

"Ìyàwó wa ti ní ìgboyà! Ẹ sọ ọ́!"

Ó fi ẹnu kan irin náà.

"Ṣàfíù!"

Àtọ́kẹ́ ju àkúfọ́ igbá sílẹ̀.

"Ṣàfíù Akínlẹ́yẹ! Ṣàfíù o! Èmi Hàbíbátù ni mò ń pè ọ́! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣàfíù!"

Kò tilẹ̀ fi ọ̀wọ̀ kankan sí i. Ó pè é bí ẹni ń pe ọmọdé tó ń sáré bọ́ sójú títì. Ìyá tó gbé ọ̀bẹ sókè lẹ́ẹ̀kan fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Wọ́n ní ará Ìdímù kan tó ń gun ọ̀pẹ gbọ́ ọ láìsí rédíò. Ìyẹn ò dá mi lójú, ṣùgbọ́n n kò ní jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ gbọ́ ìfẹ́!" Olútóyìn ń jó. "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ gbọ́ ohun tí ìfẹ́ ń ṣe!"

Sájẹ́ǹtì Ọláoyè kàn ṣí ilẹ̀kùn Lándírófà fún Hàbíbátù.

Ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà, erùpẹ̀ pupa àti kòtò ni. Àpò ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Sójà méjì wà níwájú. Sájẹ́ǹtì jókòó kọjú sí Hàbíbátù, orúnkún wọn ń kan ara wọn bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò. Ọkọ̀ rédíò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó rọra ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ nítorí ọ̀pá orí rẹ̀. Hàbíbátù ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọ̀pá náà kọ́ ẹ̀ka igi, kí táyà fọ́, kí afárá Ìdímù já. Wọ́n gun afárá náà, kò já.

"Ìyàwó," ni Sájẹ́ǹtì Ọláoyè wí.

"Sà."

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìyá mi bímọ fún bàbá mi títí wọ́n fi sin bàbá náà. Orúkọ rẹ̀ kò jáde lẹ́nu ìyá mi lọ́jọ́ kan." Ó ń wò ó lójú. "Àwọn obìnrin yẹn ti gbà ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọ rédíò yẹn ò tiẹ̀ bi ọ́ mọ́. Ìgbà tí a wá ní à ń bọ̀ nílé ẹ lo padà lọ pè é. Kí ló dé?"

Ọkọ̀ ń lọ. Hàbíbátù ń rí ẹnu ọkùnrin náà, kò rí ìyókù ojú rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ sọ pé ayọ̀ ni. Ó mọ̀ pé èèyàn tó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe kò ní gba ayọ̀ gbọ́.

"Tí èèyàn bá dákú nílùú yín, sà, tó ń kú lọ, kí ni wọ́n ń fi í pè padà?"

Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ kan di àpò ìrẹsì mú.

"Ṣé 'bàbá lágbájá' ni wọ́n ń kígbe sí i létí ni? Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni. Ìyá mi ò pe bàbá mi rí, àfi ọjọ́ tí bàbá mi ń lọ. Ọjọ́ yẹn wọ́n pè é." Omijé ti dé, kì í ṣe omijé ẹ̀tàn, ẹ̀rù ló ń tì í jáde. "Mo lálàá mọ́jú òní, sà. Mo rí i tó ń lọ ní ọ̀nà kan. Mo ní 'Bàbá Mọ̀dínátù', kò wẹ̀yìn. Mo ní 'Olówó orí mi', kò wẹ̀yìn. Mo ti fẹ́ padà sídìí agbada mi lónìí, ni mo wá rí i pé n kò ní rí irú irin yẹn mọ́ tí màá fi pè é kó lè gbọ́."

Wọ́n já sí kòtò kan. Orúnkún kan orúnkún.

"Ṣé ó wẹ̀yìn lójú àlá náà?" ọkùnrin náà béèrè.

"Mo jí, sà."

Láti ibẹ̀ títí wọ́n fi dé Ẹ̀gbẹ́dá, kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mọ̀dínátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi yanrìn ṣeré. Kò sí Ìyá Àgbà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń sáré bọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ nínú rédíò, wọ́n ń pariwo "Ẹ kú oríire!" Olútóyìn ti fi máìkì sí ọmọ lẹ́nu kí Hàbíbátù tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Mọ̀dínátù, kí bàbá ẹ. Bàbá ẹ ńkọ́?"

Hàbíbátù ń fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò lọ bá ọmọ náà.

"Bàbá sáré," ni ọmọ náà wí. "Bàbá sáré lọ."

"Wọ́n sáré lọ sójú ogun!" Olútóyìn rẹ́rìn-ín, gbogbo àdúgbò sì bá a rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọmọ yìí mọ̀ pé akin ni bàbá òun!"

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà yé Hàbíbátù. Ó ti lọ! Ṣùgbọ́n nígbà tó wẹ̀yìn, Sájẹ́ǹtì Ọláoyè kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó ti wà nínú ilé. Ó dúró nísàlẹ̀ àkàbà tí ọkọ rẹ̀ máa ń gùn, ó gbé ojú sókè. Láti òkè àjà, ohùn Olútóyìn tó wà níta ni wọ́n tún ń gbọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbàgbé rédíò sílẹ̀.

Sájẹ́ǹtì gun àkàbà. Àkàbà náà ń han bí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Hàbíbátù wọlé tẹ̀ lé e, ó dúró sísàlẹ̀ àkàbà. Orí fìlà pupa náà wọ inú òkùnkùn àjà, ó dúró.

"Ta nìyẹn?" Ohùn arúgbó ló sọ̀rọ̀ lókè. "Ṣé wọ́n kì í kan ilẹ̀kùn fún ìyá àgbà nílé yín ni?"

Ìyá Àgbà, tí kò lè gun pẹpẹ ẹnu ọ̀nà láìfi ọwọ́ ti orúnkún, ló nà gbalaja lórí ẹní ọmọ rẹ̀ lókè àjà, ó gbé rédíò lé àyà. Bí ó ṣe gòkè, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Èmi ti gbọ́ ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà sọ ọ́, ìyẹ́ nìkan ló kù kí ìyá náà hù nínú gbogbo rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe lókè níbí?"

"Ibí ni rédíò ti ń dún dáadáa. Mò ń gbọ́ bóyá wọn á pe ọmọ mi. Ìyàwó mi wá lọ pè é níhòòhò bí ẹni pe ajá! Ẹ jẹ́ kó dé, yóò rí mi."

Sájẹ́ǹtì ń wo ìsàlẹ̀ ìró rẹ̀. Hàbíbátù, láti ilẹ̀, rí ohun tó ń wò. Bàtà sójà méjì, dúdú, tó tóbi, ló yọ jáde lábẹ́ ìró ìyá náà. Ó wọ̀ wọ́n sẹ́sẹ̀ ni.

"Bàtà yìí ńkọ́?"

"Ti ọmọ mi ni. Ó fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ, wọ́n fún un ní tuntun. Ọyẹ́ ń mú mi lẹ́sẹ̀, ọmọ mi. Ṣé kí n bọ́ ọ fún yín ni? Ẹsẹ̀ mi ń rùn o."

Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó fi ìka kan bàtà náà. Amọ̀ wà lára rẹ̀. Ó fi ìka méjì ra amọ̀ náà, ó wo páànù, ó wo ẹní, ó wo abọ́ omi tó wà nígun. Níta, wọ́n ń kọrin. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dúró níwájú Hàbíbátù.

"Ó ti gbọ́ ọ," ni ó wí, wẹ́lẹ́. "Má pè é mọ́."

Ó jáde. Wọ́n já àpò ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n já páálí mílíìkì sílẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì bá ọ̀nà wọn lọ. Hàbíbátù kò mọ̀ di òní bóyá ìdáríjì ni ọ̀rọ̀ náà tàbí ìhàlẹ̀. Kò jẹ nínú ìrẹsì yẹn. Àwọn aládùúgbò jẹ ẹ́ tán.

Kò pẹ́ sí i tí rédíò sọ pé ogun ti parí. Wọ́n jó ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n jó ní Ìkọ̀tún. Hàbíbátù dúró kí ijó náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó gbé igbá ẹ̀gẹ́ lérí, ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ òun ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Nínú oko bàbá náà, níbi tí Ìyá Àgbà ní ó sá lọ, ló ti rí ọkọ rẹ̀, tí ó ń kọ ebè láìwọ bàtà. Ó ti ru. Wọ́n wo ara wọn.

"Ṣé ìwọ lo pè mí lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni."

"Mo rò pé wọ́n ti gbé ìbọn sí ọ lọ́rùn ni." Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀. "Mo ní kò sí ohun tó lè mú obìnrin yìí pe orúkọ mi, àfi kí wọ́n fẹ́ pa á. Mo sì tún sá, Hàbíbátù. Mo rò pé wọ́n ń pa ọ́, mo sáré ni."

Kò gbé ojú sókè. Hàbíbátù gbé igbá kalẹ̀, ó jókòó sórí ebè.

"Kí ni mo tìtorí ẹ̀ pè yín? Kẹ́ ẹ lè sáré ni. Bẹ́ ẹ bá dúró gbà mí là, ṣé ẹ rò pé mo máa dárí jì yín ni?"

Ọkọ rẹ̀ kò padà sí Ẹ̀gbẹ́dá mọ́. Ẹ̀yìn Ìgàndò ni wọ́n lọ tẹ̀dó sí, Ìyá Àgbà tòun ti bàtà rẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀jò sórí Èkó, tí àwọn tó ti ogun dé ń kọ́ ilé olókè, ọkọ Hàbíbátù ló ń yọ búlọ́ọ̀kù fún wọn. Báyọ̀dé ló ń jẹ́ nídìí búlọ́ọ̀kù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n dákẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ gbà pé Ṣàfíù Akínlẹ́yẹ kò ti ogun dé. Àtọ́kẹ́ wá bá Hàbíbátù kẹ́dùn, ó sunkún dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, ó ní, "Ìyá Mọ̀dínátù, má bínú sí mi o. Orúkọ yẹn tí o pè lọ́jọ́ náà, òun ló pa ọkọ ẹ." Hàbíbátù gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run dárí jì òun.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, tí ilé kún ọ̀nà Ìkọ̀tún, tí ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ láìsinmi, Hàbíbátù àti ọkọ rẹ̀ ṣì ń bá ara wọn rìn lọ sí ọjà. Bí ẹnì kan bá kígbe "Ṣàfíù!" láàárín èrò, bóyá ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń pè, ọkùnrin náà kì í wẹ̀yìn. Ó ti kọ́ ọ, kódà etí rẹ̀ kì í mì. Hàbíbátù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dúró. Á di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, kò ní wí nǹkan kan, títí yóò fi rí ẹni tó pariwo náà, títí yóò sì fi rí ẹni tó dá a lóhùn.